Ìlú ló fẹ́ wọ ẹgbẹ́, kì í ṣe Akin

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú ara àgbà, ẹ kú ìrọ́jú gbogbo. Èmi Àdùkẹ́ ni mo kúnlẹ̀ kí yín láti Houston, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo wà nítorí orúnkún tí ẹ mọ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn. Mo kí gbogbo ìyá ìjọ. Mo kí Ìyá Bọ́sẹ̀, aládùúgbò wa tó ń bá yín tẹ fóònù. Ọ̀rọ̀ èmi pẹ̀lú rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Rẹ̀mí ọmọ mi ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi fi iyọ̀ sí i. Nígbà tó bá parí, àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn ìlú wa ló máa fi ránṣẹ́ sí, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí ẹni tó mọ̀wé ní Ìkìrun lè kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹnu ni wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri. Èmi fẹ́ kó wà nínú ìwé. Kò sì gùn: Akin, àbígbẹ̀yìn mi, kò wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ìlú tó ń gbé ló fẹ́ wọ ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ṣe wà, kí ẹ má baà ní ìjà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. A wà. Oòrùn ibí yìí kò mojú àgbà. Ṣọ́ọ̀ṣì wa wà ní Greenspoint, nínú ibi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, ọ̀dà ni wọ́n sì fi tẹ́ ibi tí a ń gbé mọ́tò sí. Láti mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ á ti bó. Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ lọ́jọ́ kan, ìyá ìjọ kan wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Mo sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ mi kì í ṣe iṣu sísun. Bí òjò bá sì dé, bí ẹni fi àgbá dà á ni. Títì á di odò, iná á lọ, àwọn òyìnbó á máa wá àbẹ́là kiri. Ẹ rò pé Nàìjíríà nìkan ni iná ti ń lọ.

Rosenberg ni ilé Rẹ̀mí wà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò jẹ́ kó rí ara rẹ̀ gbọ́. Ọkọ rẹ̀ ń ti ibí lọ sí ọ́fíìsì ní The Woodlands, kó tó dé ibẹ̀, ẹni tó bá kúrò ní Ìkìrun á ti dé Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń wà nílé de àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá dé, mo bá wọn sọ Yorùbá, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn. Yorùbá tó dá wọn lójú ni “ẹ káàárọ̀ mà” àti “ẹ má bínú”. Obìnrin kan ń gbé ní ilé tó tẹ̀ lé tiwa, mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní. A máa ń juwọ́ síra wa. Ìyẹn náà nìyẹn. Mi ò sunkún sí i o, mo kàn ń sọ ọ́. Owó oògùn yín, Rẹ̀mí á fi ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ lo oògùn náà, ẹ má máa tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí bí ẹni tọ́jú aṣọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ Akin.

Ìlú tí Akin wà ní Yúróòpù, Montenegro ni wọ́n ń pè é. Rẹ̀mí ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ahọ́n tèmi kì í gbà á. Akin ní ìtumọ̀ orúkọ náà ni Òkè Dúdú, nítorí náà Òkè Dúdú ni mò ń pè é. Mo bi í nígbà yẹn bóyá àwọn dúdú ló kún ibẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ní gbogbo àdúgbò tí òun wà, òun àti ọmọ Gánà kan ni. Ìlú kékeré ni, òkun wà ní iwájú rẹ̀, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun ni Akin ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn àwọn àlejò. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Gbogbo yín mọ Fúnmi, àfẹ́sọ́nà Akin, ọmọ Díákónì, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé. A ti ṣe mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́. Ìdána ló kù, a sì ti fi sí ẹ̀yìn Àjíǹde. Bẹ́ẹ̀ la wà tí Akin fi pè mí, ó ní òun ò ní lè wá. Ó ní ìlú náà fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ńlá tí àwọn ìlú Yúróòpù dá sílẹ̀, pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tún gbogbo òfin wọn ṣe, títí kan òfin àlejò. Ìwé ìgbélùú òun wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí òun bá jáde nísinsìnyí, òun á ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìlú náà ò sì ní ọ́fíìsì ní Nàìjíríà tí èèyàn lè gbà á.

Mo gbọ́ ọ yé. Mo wá fi ohùn ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Ohùn náà ṣì wà níbẹ̀, Rẹ̀mí tún tẹ̀ ẹ́ fún mi lánàá. Ohun tí mo sọ nìyí: “Màámi, Akin ò ní lè wá fún ìdána mọ́. Òkè Dúdú tó wà yẹn, ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Wọ́n ti ní kó ṣe oríṣiríṣi nǹkan kí wọ́n tó gbà á wọlé, gbogbo rẹ̀ ló sì ń ṣe. Ẹ bá wa gbàdúrà kí wọ́n tètè gbà á.”

“Ó” tí mo sọ, ìlú ni. “Ó” tí wọ́n gbọ́, Akin ni.

Mo mọ̀ pé bí Yorùbá bá ti ní ẹnì kan wọ ẹgbẹ́, tí a kò dárúkọ ẹgbẹ́ náà, ibì kan náà ni ọkàn gbogbo wa ń lọ. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ tẹ ohùn náà sókè ní bàráńdà níbi tí àwọn obìnrin mẹ́rin ti ń já ewébẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan ní orí òkè kan ni Òkè Dúdú, pé aṣọ dúdú ni wọ́n ń wọ̀ gùn ún. Àwọn kan ní wọ́n ti ní kó fa ẹnì kan kalẹ̀, Fúnmi ló sì fẹ́ fà. Àwọn tó fẹ́ràn wa díẹ̀ ní rárá, àánú Fúnmi ló ṣe é tí kò fi wá fẹ́ ẹ mọ́. Mo gbọ́ pé ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé òun ti fura tipẹ́, nítorí Akin kì í jẹ ata nígbà tó wà ní kékeré.

Ìyá Bọ́sẹ̀, bí wọ́n bá ń ka ibí yìí, jókòó dáadáa. Mi ò bá ọ jà. Etí rẹ gbọ́ ohun tó wù ú. Ṣùgbọ́n o ní nọ́ńbà mi, o lè béèrè.

Màámi, ẹ̀yin náà wà nínú ẹgbẹ́. Ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ wà nínú ẹgbẹ́ elépo, ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń tẹ ìwé ìròyìn yìí gan-an. Kò sẹ́ni tó gbààwẹ̀ lórí yín. Wọ́n sọ fún mi pé ẹ̀yin alára ń gbààwẹ̀ nítorí Akin. Ní ọjọ́ orí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ epo, nítorí náà ẹ̀yin ni mo lè fi èyí yé. Ẹ rántí ìgbà tí ẹbu wa, níbi tí a ti ń ṣe epo, fẹ́ wọ ẹgbẹ́ elépo. Wọ́n ní ká gbẹ́ ojú omi ìdọ̀tí wa gba ibòmíràn. Wọ́n ní garawa tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń wọn epo ni ká máa fi wọ̀n. Wọ́n ní ẹni tí àwọn kò bá mọ̀ kò gbọdọ̀ wá jókòó ta epo níwájú ẹbu wa mọ́. Gbogbo rẹ̀ la ṣe. Síbẹ̀ obìnrin kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ní òun ò gbà, nítorí ìjà kànga tó wà láàárín yín, a sì dúró. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti àwọn ìlú yẹn. Àwọn tó wà nínú ilé ni gbogbo wọn máa fohùn ṣọ̀kan kí ẹni tó wà níta tó wọlé. Ọkọ Rẹ̀mí ní kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Akin mi ni ẹni tó jókòó ta epo níwájú ẹbu. Òun ni ẹgbẹ́ ní kí wọ́n yẹ̀ wò dáadáa. Kì í ṣe pé ó ṣẹ ẹnikẹ́ni. Òfin kàn bá a lórí ìjókòó ni.

Ẹ̀yin lẹ ní ká pe ara wa sórí fóònù kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ìmọ̀ràn náà dára. Ṣùgbọ́n Rẹ̀mí ní ká má tíì sọ fún Akin ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ nílé, kó má baà bà á lọ́kàn jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. A kàn sọ fún un pé Díákónì fẹ́ gbọ́ ìdí tó fi pẹ́. Ìyẹn ló bà á jẹ́. Ẹ̀yin àti Díákónì wà ní bàráńdà, àwa wà ní kíṣínì níbí, Akin wà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ rẹ̀, tí ariwo ẹ̀rọ náà ń dún bí ọkọ̀ ojú irin. A kíra wa. Díákónì wúkọ́. Wọ́n ní, “Akin, mi ò fẹ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n ń sọ yìí, ṣé ẹ ti wọ̀ ọ́ àbí ẹ ò tíì wọ̀ ọ́?”

Akin rò pé “ẹ” tí wọ́n sọ, gbogbo ará ìlú ni. Ó dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní, “A ò tíì wọlé, sà. Ó ku díẹ̀. Ẹ máa fi wá sínú àdúrà, sà, láìpẹ́ a máa wọlé.”

Màámi, mo gbọ́ bí ẹ ṣe pariwo. Mo gbọ́ tí àga Díákónì ṣubú. Rẹ̀mí ń pariwo pé kò rí bẹ́ẹ̀, èmi ń pariwo pé kí Rẹ̀mí dákẹ́ kí n sọ ọ́, Akin ń béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnìkejì. Nígbà tí ariwo máa fi rọlẹ̀, Díákónì ti lọ.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni “a” yẹn. Ọmọ tí ìlú kò tíì fún ní ìwé, ó ń pe ara rẹ̀ mọ́ wọn. Ó ń ní “a ò tíì wọlé” bí ẹni pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni. Bó ṣe pẹ́ tó níbẹ̀ nìyẹn, àwa ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìdílé Díákónì ránṣẹ́ sí yín pé àwọn ò ṣe ìdána mọ́, àfi bí Akin bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, tó gbé Bíbélì sókè níwájú ìjọ, tó búra. Mi ò bá wọn wí. Bí Rẹ̀mí bá fẹ́ lọ fẹ́ ọkùnrin tó dá bàbá rẹ̀ lóhùn bẹ́ẹ̀, èmi náà á dìde lórí àga.

A wá sọ gbogbo rẹ̀ fún Akin. Ó rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́, nígbà tó yá, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní òun ń bọ̀. Ó ní kí ìwé ìgbélùú máa lọ, òun ò lè jẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ohun tí òun ò jẹ́ ní ìlú bàbá òun. Mo ní kó dúró. Mo ní bó bá wá, tó búra, tí wọ́n sì gbà á gbọ́, kí ló máa fi bọ́ ìyàwó tó fẹ́? Ó ní, “Màámi, bí mi ò bá wá ńkọ́, ìyàwó wo ni mo fẹ́ bọ́?” Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ohun tó dáa ni mo sọ fún un àbí mo dá a dúró lásán.

Èmi ni ì bá wá. Èmi ni ì bá dúró níwájú ìjọ, kí n gbé Bíbélì sókè fún un, nítorí èmi ni mo bí i. Ṣùgbọ́n ìwé tèmi náà wà lọ́wọ́ àwọn ìjọba níbí. Lọ́yà tí Rẹ̀mí bẹ̀ ní mi ò gbọdọ̀ jáde nílẹ̀ yìí títí wọ́n á fi dáhùn. Ìyá wà níbi tí kò gbọdọ̀ kúrò, ọmọ wà níbi tí kò gbọdọ̀ kúrò, ìjọ tó fẹ́ gbọ́ ìbúra wà ní Ìkìrun. Mo gbàdúrà. Mo sọ̀rọ̀ sórí fóònù. Mo tún gbàdúrà. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Ohun tí ẹ ò tíì gbọ́ nìyí. Fúnmi pè mí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀, àfi nísinsìnyí tí wọ́n ń gbọ́ ọ. Díákónì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá a wí, ọmọ dáadáa ni, ó bẹ̀ mí kó tó sọ̀rọ̀, ó sì ní kí n sọ ọ́ bí mo bá rí i pé ó yẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹgbẹ́ fún un, àti ìlú, àti garawa epo. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, “Mà, mo ti mọ̀. Ọjọ́ tí ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kà nípa ìlú náà lórí fóònù mi. Mo mọ̀ pé Akin ò wọ ẹgbẹ́ kankan. Bàbá mi ń bẹ̀rù ẹgbẹ́, èmi ò bẹ̀rù ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni pé, bí bàbá mi bá gbà lónìí, ìgbà wo ni ìlú yẹn máa wọlé?”

Mo ní kó jẹ́ kí n bi Akin. Akin ní kí n jẹ́ kí òun bi ọ̀gá òun, ẹni tí wọ́n bí sílùú náà, tó mọ ọ̀rọ̀ ìjọba wọn. Ọ̀gá náà ní láti ìgbà tí òun ti wà níléèwé ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn pé ó kù díẹ̀. Ó ní ó lè jẹ́ ọdún méjì, ó lè má jẹ́ ní ayé òun. Akin ní ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Nǹkan wọn ni, wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín.

Mo pe Fúnmi padà. Mo sọ ọ́ fún un bí ọ̀gá náà ṣe sọ ọ́, mi ò bù ú kù. Ó ní, “Ẹ ṣé, mà.” Ó bi mí bóyá orúnkún mi ti dáa, mo ní kò dáa. Ó ní kí n máa fi omi gbígbóná sí i. Ibẹ̀ la parí ọ̀rọ̀ sí. Ọmọ náà ti kọjá ọgbọ̀n ọdún, Màámi. Mi ò lè ní kó jókòó de ohun tí ìjọba òyìnbó kò tíì mọ ọjọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi jẹ́. Ẹ mú ẹ̀gbọ́n mi dání, ẹ lọ sí ilé Díákónì. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé Akin ò wọ ẹgbẹ́, pé orúkọ ọmọ mi mọ́. Ìyẹn ni kí ẹ bá wọn fà á dé ojú rẹ̀. Ẹ má bẹ̀ wọ́n nítorí ìyàwó. Bí Fúnmi bá ní òun á dúró, ẹ bá mi dì mọ́ ọn. Bó bá ní òun ò lè dúró, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní orúkọkórúkọ, kí ẹnikẹ́ni má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa sọ ní Ìkìrun lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Bó bá lọ, kí wọ́n sọ pé ó rẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n má sọ pé ẹgbẹ́ ló sá fún.

Màámi, kí Ọlọ́run tó ń gbé yín dìde láràárọ̀ má sinmi lórí yín. Kí ẹsẹ̀ yín máa le, kí ojú yín máa ríran, kí ẹ rí mi sójú, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan orí Akin. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti ẹni tó bá mi jà àti ẹni tó bá mi bẹ̀. Ẹ kí Díákónì. Ẹ kí Fúnmi ju gbogbo wọn lọ.

Èmi náà ni, ọmọ yín tó jìnnà,
Àdùkẹ́.